Ife Kan sí Bọ́kẹ́ẹ̀tì Omi Kan

Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi wẹ Ojúlarí, ajá bàbá mi, lọ́jọ́ tó kú. Mo ń sọ ọ́ ṣáájú torí pé ohun tí wọ́n ń sọ kiri Ìkirè àti Àpòmù fún ọdún méjì gbáko nìyẹn, bí ẹni pé mo sẹ́. Mi ò sẹ́ rí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọn kì í sọ ìyókù.

Mùnírátù ni orúkọ mi. Ràímì ni bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó ni. Ìkirè ni ilé wa wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà Ìkirè-Ilé ni oko rẹ̀. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí bàbá mi gbé ọmọ ajá pupa kan ti oko dé, ó fi bùbá rẹ̀ wé e bí ọmọ tuntun. Ọdẹ kan ló fún un. Ó ní torí àwọn olè tó ń kó kòkó òun níbi tí òun ń sá a sí ni òun ṣe gbà á. Irọ́ ni. Ajá náà kò sun oko rí láyé rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Ojúlarí, nítorí àwọn ẹbí ìyá mi tí wọ́n bá wa sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú, tí a kò tún rí kí wọ́n yọjú mọ́.

Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí bá a wí pé mọ́láíkà kì í wọ ilé tí ajá bá wà. Ó bẹ̀ wọ́n, ó ní òun á kọ́ ibùsùn fún un sí ẹ̀yìnkùlé. Ó kọ́ ọ lóòótọ́. Ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yàrá bàbá mi ni Ojúlarí ń sùn. Bí bàbá mi bá ti oko dé, á jókòó sórí àpótí, ajá á gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, á sì máa bá a sọ̀rọ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Ohun tí kò lè bá èmi ọmọ rẹ̀ sọ nípa ìyá mi, ajá ló ń sọ ọ́ fún.

Ní ọdún 1993, mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ tíṣà. Wọ́n rán mi padà wá sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkirè kí n fi oṣù mẹ́ta kọ́ àwọn ọmọ, kí ọ̀gá ibẹ̀ sì kọ̀wé nípa mi. Àsìkò yẹn ni eégbọn bo Ojúlarí. Wọ́n to sí i létí bí ẹ̀wà.

Bàbá mi mú un lọ sí Àpòmù lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, sọ́dọ̀ Dókítà Akínṣọlá tó ń wo ẹran. Dókítà tòótọ́ ni, ó lọ yunifásítì, ó kọ pátákó ńlá sójú títì. Gbogbo ẹni tó ń sin adìyẹ láti Àpòmù dé Gbọ̀ngán, òun ni wọ́n ń pè. Bí bàbá mi ṣe sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa nílé náà ló ṣe búra sọ ọ́ ní kóòtù. Ó ní dókítà wà lórí àga, ó ń bá àwọn oní-adìyẹ méjì tàkúrọ̀sọ. Kò dìde. Kò fọwọ́ kan ajá. Ó bu oògùn láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò kan tí bébà ara rẹ̀ ṣì ń sọ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ni, fún tọmọdé tàgbà. Lẹ́yìn náà ló fa bébà kan yọ, ó kọ nǹkan sí i, ẹnu rẹ̀ kò sì kúrò lórí ọ̀rọ̀ adìyẹ.

Ó bi bàbá mi pé, “Bàbá, ṣé ẹ ní ẹni tó lè kà á nílé?”

Bàbá mi kò mọ̀wé. Ó fi mí yangàn. Ó ní, “Ọmọ mi ń kọ́ṣẹ́ tíṣà.”

Dókítà ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ó sì yíjú sí àwọn oní-adìyẹ rẹ̀.

Òwúrọ̀ Sátidé ni mo ka ìwé náà. Èdè òyìnbó ni. Ó ní kí a po ife oògùn kan mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan, kí a fi wẹ ajá, kí a má ṣan án kúrò. Mo wọn ife kan. Omi náà funfun bí wàrà, òórùn rẹ̀ sì gún mi nímú dé àtàrí.

Mo ní, “Bàbá, oògùn yìí le o.”

Ó ní, “Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló kọ ọ́. Tún un kà.”

Mo tún un kà. Ife ni. Bàbá mi di ọrùn ajá mú, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí, èmi sì fi ọwọ́ lásán wẹ̀ ẹ́ láti orí dé ìrù.

Ìrẹsì tí mo gbé kaná kò tíì jinná tí itọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ lẹ́nu Ojúlarí bí okùn. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó dìde, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbé e. Bàbá mi pè é lórúkọ, ó ju ìrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. A la ẹnu rẹ̀, a da epo pupa sí i, kò lè gbé e mì. Nígbà náà ni èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, omi ń dà lójú mi. Mo mu epo lára èyí tí a bù fún ajá.

Àlàbá, aládùúgbò wa tó ń fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́, ló gbé wa. Bàbá mi gbá ajá mọ́ra láàárín, èmi wà lẹ́yìn. Nígbà tí a dé Àpòmù, Dókítà Akínṣọlá ti wọ agbádá, ó fẹ́ wọ mọ́tò rẹ̀ lọ síbi ìgbéyàwó. Bàbá mi tẹ́ ajá sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Dókítà bèèrè pé, “Kí lẹ fún un?”

Bàbá mi ní, “Oògùn tí ẹ fún wa lánàá la fi wẹ̀ ẹ́.”

“Báwo lẹ ṣe pò ó?”

Èmi ni mo dáhùn. “Ife kan sí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan, sà, bí ẹ ṣe kọ ọ́.”

Ojú rẹ̀ yí padà. Kò pẹ́, ṣùgbọ́n mo rí i. Lẹ́yìn náà ló fajú ro. “Èmi kò kọ ife. Ìdérí ìgò ni mo kọ. Ìdérí kan. Ìwé náà dà?”

Bàbá mi yíjú sí mi pé kí n mú un wá. Ó rò pé dókítà fẹ́ fi mọ ìwòsàn tó máa ṣe ni. Èmi náà ti fẹ́ mú un fún un. Àfi bí mo ṣe rí i pé ọwọ́ tó nà sí mi yẹn, kò tíì nà án sí ajá. Ìwé náà wà nínú aṣọ àyà mi. Mo ní, “Ó wà nílé, sà.”

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó sọ fún bàbá mi pé, “Ọmọ yín kò mọ̀wé kà. Òun ló pa ajá yín.” Ó wọ mọ́tò, ó lọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lójú rẹ̀, kò bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Abẹ́ pátákó rẹ̀ ni Ojúlarí kú sí, orí rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ bàbá mi. Oko ni a sin ín sí.

Ẹ mọ̀ pé nínú èdè òyìnbó, lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà láàárín ife àti ìdérí, “cup” àti “cap”. Lẹ́tà yẹn ló fi bà mí jẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo oní-adìyẹ. Wọ́n ní ọmọ Ràímì tó fẹ́ di tíṣà kò mọ ife yàtọ̀ sí ìdérí. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Tíṣà Onífe. Ọmọ tí kò ga ju àga lọ á dúró lẹ́yìn fèrèsé, á pè mí bẹ́ẹ̀, á sì sá lọ.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, Mísíìsì Edith Adépọ̀jù, ará ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà, pè mí sí ọ́fíìsì.

“Mùnírátù, wọ́n ní o ṣi ìwé kà, o fi pa ajá bàbá rẹ. Àwọn òbí ti wá bi mí. Kí ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ báyìí?”

Mo tẹ́ ìwé dókítà sórí tábìlì rẹ̀. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

“Ife ni,” ó ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Fi í pamọ́. Má ṣe fún ẹnikẹ́ni.” Ó dá ìwé náà padà fún mi, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ ohun tó dáa nípa mi, ṣùgbọ́n kò sọ fún òbí kankan pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Òun náà ń sin adìyẹ lẹ́yìn ilé rẹ̀. Mo mọ ẹni tó ń wò wọ́n.

Bàbá mi padà lọ bá dókítà. Kò bèèrè nǹkan kan ju pé kó sọ fún àwọn èèyàn pé kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ òun. Dókítà ní kó lọ ra òmíràn, pé ajá kún ìta. Ó ní, “Ẹ̀yin Mùsùlùmí náà, kí lẹ tiẹ̀ ń fi ajá ṣe?” Bàbá mi dé, kò jẹun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bi mí pé, “Níbo ni wọ́n ti ń pe dókítà lẹ́jọ́?”

Gbọ̀ngán ni a ti rí lọ́yà. Olúrótìmí ni orúkọ rẹ̀, kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó gbọ́ pé ajá ni, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ìwé náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Lójú òfin, ajá yín kò yàtọ̀ sí àga tàbí kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá tiẹ̀ jàre, ohun tí wọ́n ń ta ajá lọ́jà náà ni wọ́n máa ní kó san.”

Bàbá mi bi í pé, “Ṣé wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló jẹ̀bi?”

“Bí a bá jàre, wọ́n á kọ ọ́.”

“Ó tán,” bàbá mi ní.

Kóòtù Májísíréètì ní Ìkirè ni a pè é sí. Bí mo bá ń ka iye ìgbà tí wọ́n sún ẹjọ́ náà síwájú, inú á tún máa bí mi. Lákọ̀ọ́kọ́, lọ́yà rẹ̀ tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní ara òun kò yá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fagi lé ìbò ààrẹ, ìlú dàrú, wọ́n dáná sójú títì, kò sí ẹni tó lè rìn. Epo mọ́tò di ohun àwátì. Àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé adájọ́ àkọ́kọ́ lọ síbòmíràn, a tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, bàbá mi á wọ aṣọ Iléyá rẹ̀, á dé fìlà, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ní ká máa lọ.

Àlájì kan láti mọ́ṣáláṣí wá bá a nílé. “Ràímì, ṣé ajá lo gbé lọ kóòtù lóòótọ́?”

Bàbá mi ní, “Rárá o, Àlájì. Ọmọ mi ni mo gbé lọ.”

Mo gba ìwé ẹ̀rí mi. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Àpòmù gbà mí síṣẹ́, wọ́n sì gbà á padà lọ́wọ́ mi kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ni ín kò tijú láti sọ ọ́ sí mi lójú. Ó ní àwọn òbí á máa fi ilé-ẹ̀kọ́ òun rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sílé, mo ń bá bàbá mi sá kòkó, mo ń ro ojú dókítà yẹn bó ṣe yí padà. Òun mọ̀. Láti ìṣẹ́jú yẹn ló ti mọ̀ pé òun ló ṣe é.

Oṣù kọkànlá ọdún 1994 ni wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ́rìí. Lọ́yà dókítà gbé ìwé òyìnbó kan fún mi níwájú gbogbo èèyàn, ó ní kí n ka ojú ìwé kan sókè. Mo kà á. Ó ní kí n ka òmíràn. Mo kà á. Ó wá na ìwé dókítà sí mi.

“Lẹ́tà wo ló wà láàárín yìí?”

“Yú ni, sà.”

“Ṣé o lè búra pé kì í ṣe éè?”

“Mo ti fi Kùránì búra kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, sà. Bó bá jẹ́ éè ni, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ éè míì síbí kí a rí i.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, adájọ́ ní kí wọ́n dákẹ́. Dókítà kò kọ nǹkan kan.

Ẹni tí Lọ́yà Olúrótìmí pè tẹ̀ lé mi ni Mísíìsì Adépọ̀jù. Mi ò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé báàgì ọ̀rá kan dání. Ó kó ìwé mọ́kànlá jáde nínú rẹ̀, gbogbo wọn ni Dókítà Akínṣọlá ti kọ nítorí adìyẹ rẹ̀. Ó fi ìka tọ́ka sí wọn fún adájọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní. Éè tí dókítà ń kọ pa ẹnu dé bí ẹyin. Yú rẹ̀ la ẹnu bí igbá. Èyí tó wà lórí ìwé ajá la ẹnu.

Ó ní, “Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ka ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ife ló kọ.”

Dókítà wò ó. Láti ọjọ́ náà kò tún dé ọgbà adìyẹ rẹ̀ mọ́, obìnrin náà sì ta gbogbo wọn kí ọdún tó parí. Nígbà tí Mísíìsì Adépọ̀jù jáde sí fàráńdà lọ́jọ́ náà, ó dúró tì mí. Ó ní, “Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ láti ọjọ́ tí o gbé e wá bá mi. Ojú adìyẹ ni mò ń wò.” Mi ò sọ fún un pé kò séwu. Ewu wà. Mo kàn dúpẹ́ pé ó wá.

Dókítà ẹran kan, obìnrin, wá láti Ìbàdàn jẹ́rìí pẹ̀lú. Ó ní ìbáà jẹ́ ife, ìbáà jẹ́ ìdérí, èèyàn kì í bu májèlé sínú ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀wé, kó máà fi ẹnu sọ bí wọ́n á ṣe lò ó, kó máà sọ pé kí wọ́n ki ọwọ́ bọ ọ̀rá. Ó ní abẹ́rẹ́ kan wà tó ń ṣẹ́gun irú májèlé yẹn, pé bí wọ́n bá tètè gún un, ajá lè yè.

Mi ò gbọ́ ìyẹn rí. Mo wo bàbá mi. Òun náà kò gbọ́ ọ rí.

Nígbà tó kan dókítà, Lọ́yà Olúrótìmí kò pariwo rárá. “Nígbà tí wọ́n tẹ́ ajá síwájú yín, ṣé ẹ mọ̀ pé májèlé ni?”

“Mo fura.”

“Ṣé ẹ ní abẹ́rẹ́ tí ẹlẹ́rìí sọ yìí?”

“Ó wà nínú ilé.”

“Ṣé ajá ṣì wà láàyè?”

“Ó wà láàyè.”

“Kí ló dé tí ẹ kò gún un?”

Ó gbé èjìká sókè. “Mo ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ajá ni.”

Bàbá mi dìde. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó ń wò ó, ọlọ́pàá fi ọwọ́ kàn án léjìká kó jókòó, kò jókòó. Adájọ́ alára ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó dúró títí dókítà fi sọ̀ kalẹ̀ nínú àpótí ẹlẹ́rìí.

Oṣù kẹrin ọdún 1995 ni ìdájọ́ jáde. Adájọ́ ní dókítà jẹ̀bi àìnáání iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lọ́jọ́ tó kọ̀wé àti lọ́jọ́ tó wọ mọ́tò lọ. Ó ní kó san iye tí wọ́n ń ta ajá lọ́jà. Lọ́yà wa bèèrè pé ṣé kóòtù lè pàṣẹ kó tọrọ àforíjì ní gbangba. Adájọ́ ní òfin kò fún òun lágbára ìyẹn. Dókítà kó agbádá rẹ̀ jọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá bí ẹni tí kò rí wa.

Nígbà tí a gba ìwé ìdájọ́, bàbá mi ní kí n jókòó sórí àtẹ̀gùn kóòtù kí n ka ibi tí wọ́n ti dárúkọ mi fún òun ní Yorùbá. Mo kà á: “Mùnírátù ka ohun tí a kọ, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́.” Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà títí àwọn tó ń kọjá fi ń wò wá.

Lẹ́yìn náà ló ní, “Ibi tí wọ́n ti dárúkọ Ojúlarí ńkọ́?”

Mo wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n kọ pé ajá kan, akọ, aláwọ̀ pupa. Mo sọ fún un. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó bí ẹni tó lè kà á, ó ká a, ó fi í sápò. Ó ní, “Wọn ò kọ orúkọ rẹ̀.” Inú bí i dé ilé. Títí dòní, bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣẹ́ yọ, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà.

Mísíìsì Adépọ̀jù ló bá mi wá iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí. Àwọn tó ń pè mí ní Tíṣà Onífe ti gbàgbé, wọ́n ń kí mi ní ọ̀nà. Mo gbọ́ pé Dókítà Akínṣọlá ti ń lẹ bébà mọ́ ìgò oògùn rẹ̀, pé ó sì ń fi ẹnu sọ fún àgbẹ̀ bí wọ́n á ṣe lò ó. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan sọ fún mi pé nígbà tí ó ti yíwà padà, kí n dárí jì í, kí n jẹ́ kí ọkàn mi fúyẹ́.

Kò tíì wá bẹ̀ mí.